Ibi Tó Ń Kán Kọ́ Ló Ń Jò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyàwó ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń gba fírídọ̀ọ̀mù lónìí, mo rí i pé ovarọ́ọ̀lù yín ń dán. Ẹ tètè ya fọ́tò, torí ọjọ́ Mọ́ńdè ń bọ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá kó wọnú ìyẹn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí, ìrẹsì á sì tutù. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ mú níbẹ̀: ọ́ìlì tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀, tí a tò padà, tí a sì ti gbowó iṣẹ́ rẹ̀ ná. Òun ló tíì kó ìtìjú bá mi jù láti ọjọ́ tí mo ti mú sípánà dání. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá, kọ́sítọ́mà á gbà pé ó ti gbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán ọ́ìlì sórí símẹ́ńtì iwájú ilé, tí ìyàwó ẹ̀ ń bu yanrìn bò ó láràárọ̀, orúkọ yín ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n ṣe ń bu yanrìn ọ̀hún.

Bàbá kan wà, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Camry 2004 ló ń gùn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy. Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE ló wà nínú ẹ̀, onísílíńdà mẹ́rin, 2.4 lítà. Mọ́tò náà gbóná lójú ọ̀nà títí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì kí nǹkan má bàa jò, fi jó. A tú u palẹ̀. A gbé orí ẹ́ńjìnnì fún àwọn tó ń fá a, a pààrọ̀ ríǹgì àti bíárìn, a fi síìlì tuntun, òrùka tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú, sí iwájú àti ẹ̀yìn kíráńkì, irin tí písítìn ń yí, a da ọ́ìlì tuntun sí i. Nígbà tí mo tan án, ó dákẹ́ débi pé Bàbá ń bi mí bóyá mo ti ṣíná fún un.

Ọjọ́ kẹrin ni fóònù dún.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n bi yín léèrè ni o. Ṣé ọ́ìlì tuntun máa ń kọ́kọ́ kán ni kó tó mọ ilé?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ gbé e bọ̀, sà."

A gbé e sókè. Ọ́ìlì ń kán nísàlẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ó ti wà lẹ́nu yín báyìí, mo mọ̀: síìlì ẹ̀yìn! Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn, mi ò tilẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì. A sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, a pààrọ̀ síìlì, a gbé e padà. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé, ó tún ń kán. Mo ní síìlì yẹn ni kò dáa. Mo wá èyí tó wọ́n jù ú lọ rà, a tún sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó tún kán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù, tí àwa méjèèjì jọ wà lábẹ́ mọ́tò, ní, "Ọ̀gá, inú ibí yìí mà gbẹ o." Mo ní kó yé dá mi lọ́wọ́ kọ́, kó lọ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 wá.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wà níbẹ̀ ná. Mo ń padà bọ̀.

Ta ni nínú yín tó ti gun òrùlé rí nítorí páànù tó ń jò? Ẹ nawọ́. Ẹ ṣeun. Omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Ẹ gorí òrùlé, ẹ wo páànù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì gan-an, ẹ ò rí nǹkan kan. Ihò ìṣó ló wà lókè lọ́hùn-ún, nítòsí góńgó òrùlé. Ibẹ̀ lomi ti wọlé, ó tọ igi àjà wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó kan kókó kan lára igi, ìgbà yẹn ló tó bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ẹni tó bá da gọ́ọ̀mù sí páànù òkè bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ tí òjò bá tún rọ̀ ló máa mọ̀.

Bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe lára ẹ́ńjìnnì gan-an nìyẹn, àfi pé tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí atẹ́gùn wà ńbẹ̀. Mọ́tò tó ń sáré 100 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé ń ti ọ́ìlì sẹ́yìn, fáànù náà ń fẹ́ ẹ. Ohun tó jò níwájú lè dé ẹ̀yìn kó tó kán. Ọ́ìlì gbígbóná sì ṣàn ju tútù lọ: láàárọ̀ kí ẹ tó tan mọ́tò, ibẹ̀ lè gbẹ táútáú, kí mọ́tò rin ìṣẹ́jú 40 kí ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kì í fi í jò níwájú mẹkáníìkì. Ibi tí ọ́ìlì pọ̀ jù kọ́ lẹ máa wá. Ibi tí ọ́ìlì wà tó ga jù, tó sì súnmọ́ iwájú jù, òun lẹ máa wá.

Ká wá padà sórí ọmọ iṣẹ́ mi. Bí síìlì ẹ̀yìn bá ń jò lóòótọ́, inú ilé fláíwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin tó wà lẹ́yìn kíráńkì, ló kọ́kọ́ máa tutù. Fláíwíìlì ń yí, ọ́ìlì tó bá kàn án, á fọ́n ọn yí ká bí ìgbà téèyàn ń fi ọwọ́ ta omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Ògiri inú ibẹ̀ á dúdú, á máa yọ̀. Ti Bàbá gbẹ. Ara ìta nìkan ló tutù. Ọmọ yẹn rí i, ó sọ ọ́, ọ̀gá ẹ̀ ò gbọ́. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ni sísọ gíábọ́ọ̀sì yẹn kalẹ̀ máa ń gbà wá, mo sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí n tó tẹ̀síwájú: ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ fi pa bébà funfun. Bí ó bá pupa, ti gíà ni, tàbí ti sítíárìn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. 2AZ yìí tún ní àìsàn tiẹ̀ tí gbogbo ọ̀gá tó wà níbí mọ̀: ojú ihò nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì lápá ẹ̀yìn máa ń bọ́, omi rádíétọ̀ á sì máa sun níbẹ̀. Omi ni, kì í ṣe ọ́ìlì.

Mo sọ pé ẹ́ńjìnnì tí a tò padà. Ẹ́ńjìnnì tó ti rin ọdún 15 láì fọwọ́ kàn án, bí ó bá ń jò, ọjọ́ orí ni: rọ́bà ti gan, ó ti le bí awọ tó sá sóòrùn. Ṣùgbọ́n èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, gbogbo rọ́bà ara ẹ̀ ló jẹ́ tuntun, tàbí ká kúkú sọ pé ó yẹ kó jẹ́ tuntun. Bí ìyẹn bá ń jò, ọwọ́ èèyàn ló wà ńbẹ̀. Kò dùn ún gbọ́ létí ọ̀gá, mo mọ̀; èmi náà kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ ó dín iṣẹ́ kù púpọ̀. Kò ní jẹ́ pé gbogbo ẹ́ńjìnnì lẹ ń wò, ibi tí ọwọ́ ti kàn nìkan ni. Ẹ mú bíírò, ẹ kọ ọ́: kí la yọ, ta ló yọ ọ́, kí la fi dí i nígbà tí à ń dá a padà.

Ọwọ́ tó sì ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni èyí tó di ike gọ́ọ̀mù mú.

Orí Peugeot 504 làwọn ọ̀gá wa ti kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà àti ti kọ́ọ̀kì ló wọ́pọ̀ lára ẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa á lójú méjèèjì, wọ́n á dè é, wọ́n á sì lọ sùn. Mi ò bá wọn jà, 504 gbà á. Àṣà yẹn la gbé bá Toyota. Sọ́ńpù 2AZ, àwo ìsàlẹ̀ tó gba ọ́ìlì dúró, ò ní gásíkẹ́ẹ̀tì rárá, gọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìlà kan ṣoṣo tí kò já níbì kankan. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó bo orí ẹ́ńjìnnì lókè, ńkọ́? Rọ́bà ni gásíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, àfi ní ojú méjì péré: ibi tí kọ́fà ṣéènì iwájú ti fẹnu kan orí ẹ́ńjìnnì, lọ́tùn-ún àti lósì. Ìlà tíntín kan wà níbẹ̀ tí rọ́bà nìkan ò lè dí. Ẹ kán gọ́ọ̀mù bíńtín sí i níkọ̀ọ̀kan. Ìwé Toyota sọ pé kí kọ́fà ti jókòó láàrin ìṣẹ́jú 3 tí ẹ bá kán an, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 2 ó kéré tán kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Wákàtí méjì! Àwa tí kọ́sítọ́mà dúró tì lórí bẹ́ǹṣì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ti ń ṣíná.

Ẹni tó bá wá fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo rọ́bà kọ́fà yẹn ká, ó ti fọṣẹ pa á lára. Bí ó ṣe ń de nọ́ọ̀tì ni rọ́bà ń yọ̀ jáde, á ká kò lápá kan, ẹ ò sì ní rí i títí mọ́tò á fi délé onílé. Gọ́ọ̀mù kì í mú ojú tó lọ́ràá. Ẹ nù ún, ẹ tún nù ún, títí àkísà funfun tí ẹ fi ń nù ún á fi máa jáde ní funfun. Ẹ máà fi ọ̀bẹ họ ara alumíníọ̀mù, ojú ọ̀bẹ kan péré ti tó ọ́ìlì láti gbà kọjá. Èyí tó sì pọ̀ jù nínú gọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìta nìkan ló ń yọ sí. Bí ẹ ṣe ń rí i níta ló ṣe wà nínú. Mo tú sọ́ńpù kan rí, mo bá gọ́ọ̀mù pupa lẹ́nu ajọ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì, ó lọ́ pọ̀ bí ìfun adìyẹ. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò jò. Ó kàn jẹ bíárìn ẹ̀ tán ni.

Lórí síìlì, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ fi èékánná yín wọ́ ojú kíráńkì níbi tí ètè síìlì máa ń jókòó sí. Bí èékánná bá há, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ ọ̀nà síbẹ̀, tuntun tí ẹ bá fi sójú ọ̀nà yẹn á jò láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn tàbí síwájú díẹ̀ sí ojú ẹ̀ àtijọ́. Ẹ máà fi òòlù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá páìpù tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹ̀, kó lè wọlé bákan náà yí ká. Síìlì rọ́bà, ẹ fi ọ́ìlì pa ètè ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́, ara páálí ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kí ẹ tó ju páálí nù.

Bàbá onímọ́tò wa ńkọ́? Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, mo jókòó sórí táyà, mo wo mọ́tò náà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n bá mi wá ibọ̀wọ́ rọ́bà, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀.

Ẹ máà rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ríǹgì ṣe dáa tó, iná tó ń jó lórí písítìn ṣì máa ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọnú ilé kíráńkì nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà ẹ̀ ni fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV, ẹ́ńjìnnì á gba ibẹ̀ fa afẹ́fẹ́ náà padà, á tún un jó. Bí PCV bá dí, afẹ́fẹ́ á máa pọ̀ sí i nínú, bí inú ìkòkò tí ẹ de ọmọrí mọ́. Ibi tó bá rọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì ló máa gbà jáde, á sì ti ọ́ìlì ṣíwájú. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì títí ọdún á fi yí, á kàn máa wá ibòmíràn gbà ni. Ríǹgì tuntun tí kò tíì bá sílíńdà mọwọ́ ara wọn sì máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kò lè gba PCV tó dí.

A ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, a fi ibọ̀wọ́ bò ó, a de ẹnu ẹ̀ pinpin, mo ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá yá, ńṣe ló yẹ kí ibọ̀wọ́ yẹn rọ̀, kó tilẹ̀ fẹ́ wọnú díẹ̀. Tiwa dìde. Ìka márààrún nà tọ́ọ́, bí ẹni ń dá wa dúró lójú pópó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo. Mo yọ PCV, mo mì ín sétí. Èyí tó dáa máa ń dún kẹrẹkẹrẹ. Òun dákẹ́, èérí ti dì í pa. Gbogbo nǹkan la pààrọ̀ lára ẹ́ńjìnnì yẹn, a ò rántí ẹ̀.

A fi tuntun sí i. Bàbá gbé mọ́tò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó pè: "Ó ti dín kù o, Ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, ó tó ojú àwo. Báyìí, kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ."

Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé "ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ẹ máa wò ó," ẹ gbọ́: ìgbà yẹn lojú tì mí jù.

A wá fọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó yẹ ká ti ṣe lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tútù ni o. A fi nylon wé ọ́táńétọ̀ àti ojú ibi tó ń fa afẹ́fẹ́, a fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì yọ ọ̀rá, a fi ọṣẹ ìfọṣọ tẹ̀ lé e, a ṣàn án, a sì fi atẹ́gùn ẹ̀rọ vulcanizer fẹ́ ẹ gbẹ títí dé kọ̀rọ̀. Mo ra páúdà ọmọdé, mo bù ú wọ́n gbogbo ara ẹ́ńjìnnì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó funfun bí ọmọ tuntun. Páúdà tó bá mu ọ́ìlì, á dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ ò nílò àlàyé. Àwọn tó lówó máa ń da àwọ̀ kan sínú ọ́ìlì tó ń tàn tí iná aláwọ̀ àlùkò bá kàn án. Tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníPOS fi ń wo ayédèrú owó, irú iná yẹn náà ni. Mo ti lò ó, ó dáa. Lọ́jọ́ yẹn, páúdà ló wà lápò mi.

Mo gbé mọ́tò náà yí ìgboro ká, mo padà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iwájú funfun. Ibi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì kan tẹ́ńṣọ̀nà, tó ń fa ṣéènì le, mọ́ lẹ́yìn, tí rọ́bà tiẹ̀ náà máa ń jò, funfun. Sọ́ńpù, fíltà, funfun. Lápá gíábọ́ọ̀sì, ní ìpẹ̀kun orí ẹ́ńjìnnì, ìlà dúdú kan bọ́ sílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ipa omijé lójú ọmọ tó sunkún sùn. Ó tọ ara orí ẹ́ńjìnnì, ó gun orí gíábọ́ọ̀sì, ó rọra yí gba ẹ̀gbẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí mo ti ń wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Sẹ́ńsọ̀ kámúṣáfùtì, ohun kékeré tó ń ka bí irin tó ń ṣí fáàfù ṣe ń yí, ló wà lókè ibẹ̀. Nọ́ọ̀tì 10 kan ṣoṣo ló dì í mú. Nígbà tí a fẹ́ gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fá, a yọ ọ́ kí wọ́n má bàá fọ́ ọ. Nígbà tí ó dé, a tì í padà pẹ̀lú òrùka rọ́bà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ní 2004. Nígbà tí mo yọ rọ́bà yẹn, kò rí rìbìtì mọ́, ó ti pẹlẹbẹ, apá kan ẹ̀ sì ti sán. Afẹ́fẹ́ tí PCV há mọ́ inú ti rí i kí n tó rí i. Owó rọ́bà tuntun ò tó owó oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà, mo sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n rọra dè é, torí ike ni sẹ́ńsọ̀ yẹn.

A tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù fún òru mẹ́ta, lẹ́yìn tí mo ń wà á kó gbóná lálaalẹ́. Páálí gbẹ.

Nígbà tí Bàbá dé, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Mo dá owó síìlì méjì padà fún un, mo ní iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì yẹn, ọrùn mi ló wà. Ó ka owó náà, ó tì í sápò. Ó wá wojú mi bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì.

Ó ní, "Ọmọ tó ní ibẹ̀ gbẹ yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo pè é jáde. Bàbá mú ẹgbẹ̀rún kan nínú owó tí mo dá padà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ọmọ náà wà láàrin yín níbí, òun náà ló ń gba fírídọ̀ọ̀mù lónìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ wò ó bó ṣe ń sorí kodò. Òrùka rọ́bà ọ̀hún rèé, mo fi okùn so ó mọ́ páálí kékeré yìí. Ẹ gbé e yí ká, kí oníkálùkù fi ìka kàn án. Ẹ máà sọ ọ́ nù o, mo fẹ́ lò ó fún àwọn tọdún tó ń bọ̀.